Tẹ́ḿpìlì Tí Kì Í Dọ̀tí

Láti àárọ̀ ni Chinatsu ti ń wá àléébù kiri ara tẹ́ḿpìlì tuntun tó wà ní Isobe, kò sì rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán ilé náà, òun ló dúró ti àwọn ọ̀mọ̀lé títí wọ́n fi parí rẹ̀, àṣà iṣẹ́ wọn sì ni pé bí ilé bá ti pé ọdún kan, ẹni tó yà á gbọ́dọ̀ padà wá wò ó bóyá ó ti sán níbì kan tàbí omi ń wọlé. Ó fi ọwọ́ pa ògiri kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó gun àkàbà lọ wo òrùlé tó rọra tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. Kò sán, kò jò. Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Òkúta dúdú ni, wọ́n sì ti fi nǹkan kan kùn ún tí kì í jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń dán gbinrin.

Ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nìyí, ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán ilé ní Tokyo sì ti gbé fọ́tò rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Láti àárọ̀, kò tíì rí èèyàn. Níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí lẹ́nu ọ̀nà, bàtà tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni o, ìgbà ìwọ́wé sì ti ń parí lọ, àsìkò tí àwọn obìnrin Isobe máa ń kún iwájú Búdà dẹ́nu, tí wọ́n ń múra Àpéjọ Ìmoore, àjọ̀dún tó tóbi jù lọ́dún.

Àlùfáà Gyoen àti Misao ìyàwó rẹ̀ pè é wá mu tíì nínú ilé wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ḿpìlì.

“Àwọn ìyá dà, mà?” Chinatsu béèrè.

“Wọ́n wà,” ni Misao wí.

“Ṣé ara wọn le?”

“Ara wọn le.”

Misao kọ́ ni ẹ ó bi ní ọ̀rọ̀ kan kó dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ọ̀sán lẹ máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Chinatsu gbé ife tíì kalẹ̀, ó wo ojú ọkọ, ó wo ojú aya.

“Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ,” ni Gyoen wí. “Bí ìgbà ìrúwé bá dé, mo fẹ́ fi tẹ́ḿpìlì yìí lé tẹ́ḿpìlì ìgboro lọ́wọ́. Àlùfáà ibẹ̀ á máa wá ṣí i bí wọ́n bá fẹ́ sìnkú. Èmi àti ìyá yìí á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wa.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Àlùfáà tí kò ní ìjọ, kí ló fẹ́ máa ṣe? Láràárọ̀ ni mò ń ka ìwé mímọ́, èmi àti Misao là ń gbọ́ ọ. Misao náà, oorun ló ń sùn.”

“Mi ò sùn,” ni Misao wí. “Ojú ni mo ń dì.”

“Ó ń dì í tòun ti híhanrun.”

Chinatsu kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn ṣáà ń wá, òun rí mọ́tò wọn. Gyoen ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ti ìlú ńlá wá, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ya fọ́tò òrùlé, wọ́n á ya fọ́tò òkun, wọ́n á wọ bàtà wọn, ó dàbọ̀. Ó ní wọn kò ṣe búburú kankan. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì bínú, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn Chinatsu ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé yìí ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọbìnrin náà kò dédé jókòó sí Tokyo kó máa ya ohun tó wù ú. Nígbà tí yìnyín ti tẹ òrùlé tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wọ́, tí gbogbo wa gbà pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, ó wá sí Isobe, ó pe àwọn obìnrin tó ń tọ́jú tẹ́ḿpìlì jọ, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ni wọ́n lára. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilé oyin. Tatsuyo, opó apẹja tó jẹ́ olórí wọn, ní ilẹ̀ yẹn ló máa pa òun, pé láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ ni òun ti ń kúnlẹ̀ nù ún, orúnkún òun ti di ti ẹlòmíràn. Hamae ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ti idẹ ńkọ́? Àwo òdòdó idẹ, ọ̀pá àbẹ́là idẹ, bí a bá fọ̀ wọ́n lónìí, afẹ́fẹ́ òkun á ti sọ wọ́n di dúdú kó tó dọ̀la. Ẹlòmíràn mú ti ilẹ̀kùn oníbébà wá, tí wọ́n ń ya bébà rẹ̀ dà nù lọ́dọọdún tí wọ́n ń lẹ tuntun mọ́ ọn. Wọ́n ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń ráhùn. Ó yẹ kí ọmọ yìí kíyè sí ẹ̀rín yẹn. Kò kíyè sí i. Ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn nìkan ló gbájú mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ló sì wò sàn, kò ku ẹyọ kan. Pákó ilẹ̀ di òkúta tí kò fẹ́ àkísà. Wọ́n fi ohun kan bo idẹ lára tí iyọ̀ òkun kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Ilẹ̀kùn oníbébà lọ, díńgí ńlá rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn ìyá ń fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tatsuyo di ọwọ́ Chinatsu mú, ó ní, “Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rántí orúnkún mi.” Ó sunkún, Chinatsu náà sunkún, Misao ní láti lọ wá aṣọ ìnujú fún àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn tíì, Misao sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ òun ń gbọ́, ó wá sọ̀rọ̀.

“Bàbá ò ní sọ fún ọ, kó má bàa dùn ọ́. Èmi máa sọ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lo ṣe, Chinatsu. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí wa ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ṣé kò tẹ́ wọn lọ́rùn ni?”

“Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n mú àkísà wá. Wọ́n nulẹ̀ títí, àkísà funfun bó ṣe wá. Tatsuyo wò ó, ó ká a, ó fi í sápò. Ní Sátidé kejì wọn ò pọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́.”

“Àdúrà ńkọ́? Ìwàásù Bàbá ńkọ́?”

“Ta ló ń jáde nílé nítorí ìwàásù Bàbá?” Misao mí kanlẹ̀. “Ẹni tó bá ń ráhùn pé ọmọ tó wà lẹ́yìn òun wúwo, ṣé ó ní kí o gba ọmọ náà lọ ni? Iṣẹ́ ló ń mú wọn wá. Bí wọ́n bá ti ń nulẹ̀, orúkọ Búdà Amida á wà lẹ́nu wọn, ti aládùúgbò náà á wà lẹ́nu wọn. Ilé tó o kọ́ fún wa kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Chinatsu lára, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti gbà á gbọ́. Ó ní kí òun lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Tatsuyo fúnra rẹ̀. Ó bá ìyá náà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, tó ń bó èso kakí láti so wọ́n rọ̀ sábẹ́ òrùlé kí wọ́n lè gbẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

“Ayàwòrán wa nìyí. Máa bọ̀, máa bọ̀. O ti rù o. Ṣé wọn kì í jẹun ní Tokyo ni?”

“Mò ń jẹun, mà. Mi ò rí yín ní tẹ́ḿpìlì ni mo ṣe ní kí n wá kí yín.”

“Mò ń rí òrùlé rẹ̀ láti ibí yìí láràárọ̀. Ó dára. O káre.”

“Ẹ kì í wọlé?”

“Mo wọlé nígbà tí wọ́n ń sìnkú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n fún mi ní àga, mo jókòó bí àlejò. Wọ́n ṣe tán, mo dìde, mo bọ̀ wálé.” Ó mú èso mìíràn. “Mi ò sọ pé kò dáa o. Ilé yẹn mọ́ ju èmi lọ.”

“Ìyá Hamae ńkọ́, mà?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Tatsuyo. “Hamae. Ó yẹ kó wà nílé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti rí i.”

Chinatsu gbójú sókè. Ilé Hamae ni wọ́n ń wò yẹn, wọ́n lè rí aṣọ tó sá sórí okùn.

“Ẹ ò lè yà lọ kí i ni?”

“Kí n ní kí ni mo wá ṣe? Èèyàn kì í kàn lọ jókòó sílé onílé kó máa wo ojú ẹni. Á ní kí ló ṣẹlẹ̀. Á dìde lọ gbé omi tíì kaná, á máa wá nǹkan tí a ó fi panu kiri, mo ti kó wàhálà bá a nìyẹn. Ní tẹ́ḿpìlì, kò sí ìyẹn. Ilẹ̀ là ń nù. Bí mo bá ń nu ti ọ̀tún, òun a máa nu ti òsì, a ó pàdé láàárín.”

Kò bínú, kò fapá jánú. Ì bá ṣe pé ó bínú ni, ì bá sàn fún Chinatsu. Ìyá náà bó kakí tó rọ̀ fún un, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó tún di mìíràn fún un pé kó máa jẹ lọ́nà. Ojú ti Chinatsu gan-an. Ó ti ṣe oore àṣejù, àṣejù sì rèé, baba àṣetẹ́.

Kò wọ ọkọ̀ padà sí Tokyo lọ́jọ́ náà. Ó padà lọ bá àlùfáà, ó bi í léèrè ibi tí pákó ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wà. Gyoen ní ó wà nínú ahéré tó wà lẹ́yìn ilé, òun ò lè fi dáná, nítorí ẹsẹ̀ bàbá ńlá gbogbo ará Isobe ló tẹ̀ ẹ́ dán bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ sórí òkúta yẹn,” ni Chinatsu wí. “Ká má kùn ún ní ohunkóhun. Ká ha ohun tó bo idẹ kúrò. Káfíńtà yín lè ṣe ilẹ̀kùn oníbébà síwájú díńgí.”

Misao pàtẹ́wọ́. Gyoen kò pàtẹ́wọ́.

“Kí n wá sọ fún wọn pé nítorí tiwọn la ṣe tún un ṣe? Mo mọ àwọn èèyàn mi. Wọ́n á mọ̀ pé àánú wọn ló ṣe wá. Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹríba, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò ní padà wá mọ́.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ ní òkúta yẹn kò bá ilé mu, ayàwòrán kò rò ó dáadáa, ó sì ní láti fi pákó bò ó.”

“Àlùfáà kì í parọ́, Chinatsu.”

“Kì í ṣe irọ́, Bàbá. Mo ṣe àṣìṣe.”

Misao ló rántí ohun tó kù. “Orúkọ rẹ ńkọ́? Àwọn tó gbé ọ sínú ìwé ìròyìn, bí wọ́n bá gbọ́ pé o fi pákó àlòkù bo ilẹ̀ yẹn?”

Ó dun Chinatsu, mi ò ní tàn yín, ó dùn ún dénú egungun. Òun ló lọ síbi tí wọ́n ti ń la òkúta yẹn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ilẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá ń yìn ín. Ó ronú títí, ó wá ní, “Kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n.”

Gyoen náà ronú. Ó ní ó dáa, kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí Àpéjọ Ìmoore ọdún yìí bá kọjá tí àwọn obìnrin kò bá padà, òun á fi tẹ́ḿpìlì lé ti ìgboro lọ́wọ́ bí òun ṣe sọ. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí yóò máa ka ìwé mímọ́ fún àga.

Káfíńtà tẹ́ pákó, ó ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n ha idẹ. Ní ti idẹ, afẹ́fẹ́ òkun kò jáfara, ó ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ọdún tó kọjá. Kò pẹ́ tí ọ̀pá àbẹ́là fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Misao wá ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin pé ohun tí ayàwòrán yẹn ṣe ti dójú ti àwọn, idẹ ti dúdú, ilẹ̀ ti dọ̀tí, àpéjọ sì ti dé tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá gba àwọn.

Lówùúrọ̀ Sátidé yẹn, Chinatsu ti wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí igun kan pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó wá. Òkun ń hó lóde. Gyoen kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó tún kọjá padà. Chinatsu bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àṣìṣe kejì ni òun tún fi lé ti àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni ẹnì kan bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Tatsuyo sì wọlé tòun ti àpò kékeré tó kún fún ìyẹ̀fun èèpo ìrẹsì tí wọ́n fi ń mú pákó dán. Ó wo ilẹ̀. Ó fi ìka pa á. Ó wo ìka náà.

“Ta ló tẹ́ èyí?”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ, mà.”

“Pákó láìkùn. Létí òkun.” Tatsuyo mi orí. “Ilé ìwé wo lo lọ ná?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Má bínú ni wọ́n fi ń nulẹ̀? Sún síbẹ̀. Wo bí o ṣe ń nù ún, bí ẹni tó ń pa eṣinṣin. Ibi tí ìlà igi bá kọjú sí ni kó o máa fà á lọ.”

Àwọn yòókù ń dé. Ẹni tó bá wọlé, á wo ilẹ̀, á wo idẹ, á wo Chinatsu, á mí kanlẹ̀, á ká apá aṣọ. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n kó idẹ sáàárín, wọ́n jókòó yí i ká. Hamae ló dé kẹ́yìn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ti gbẹ ju bí Chinatsu ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

“Ìwọ yìí,” ni Tatsuyo wí, “o ṣì wà láyé?”

“Ìwọ ni mò ń dúró dè pé kó o kọ́kọ́ lọ.”

“O máa dúró pẹ́. Jókòó, ọ̀pá àbẹ́là lo máa fọ̀. Ó dúdú ju ọkàn rẹ lọ.”

Hamae jókòó, ìnira ni, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ wá gbọ́ ìráhùn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti tú. Wọ́n ní irú ẹ̀yìn ríro wo nìyí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ayé òde òní, kí wọ́n máa kàwé títí kí wọ́n má mọ̀ pé iyọ̀ ń jẹ idẹ. Wọ́n bu Chinatsu níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sórí ọmọ ẹnì kan tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó ní Osaka, wọ́n sì tibẹ̀ padà sórí orúnkún. Hamae fọ ọ̀pá àbẹ́là, ó gbé e sókè wò, ó ní apá òun ti kú, ó tún ń fọ̀ ọ́.

Chinatsu gbọ́ títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ọmọ náà láàánú jù, ohun tó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ilẹ̀ nìyẹn. Ó gbé àkísà kalẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá mi,” ni ó wí, “bó bá ń ni yín lára tó báyìí, òkúta yẹn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Bí àpéjọ bá ti kọjá, a lè ká pákó yìí kúrò.”

Gbogbo ọwọ́ dúró. Gyoen, tó ń gbé àbẹ́là bọ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà, Misao sì dì í mú lápá aṣọ.

“Ta ló bi ọ́ léèrè?” ni Tatsuyo wí.

“Ẹ ní orúnkún yín...”

“Orúnkún mi ni mo sọ, ṣé tìrẹ ni? Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ níbí. Èyí tó o bà jẹ́ ti tó. A ó máa rọ́jú ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Apá ibi òkun yẹn ti gbẹ jù,” ni Hamae wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ó fẹ́ èèpo ìrẹsì. Kò lè tán lónìí.”

“Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn.”

“Ti bébà náà ń bọ̀ o. Ta ló máa po àtè?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó máa po àtè. Gyoen gbé àbẹ́là lé Misao lọ́wọ́, ó yí padà, ó wọnú ilé lọ, ó sì tẹ àlùfáà ìgboro láago. Ògiri àárín kò nípọn, Chinatsu ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀.

“Rárá o, ẹ má bínú,” ni Gyoen ń wí. “Kò ní lè bọ́ sí ìgbà ìrúwé yẹn mọ́. Mo mọ ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé wa ò tíì mọ́.”